Ìka Tó Ń Kú Sínú Omi Tútù

Ẹni tó bá sọ pé omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́ tónítóní, ẹ ní kó wá bá Tíṣà Omi ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwọn àgbàlagbà ni obìnrin yìí ń kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́, àwọn náà ló sì sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Kó tó kọ́ ẹnikẹ́ni, òun ló ń kọ́kọ́ wọ omi lọ fa irun kúrò lẹ́nu ihò tí omi ń gbà jáde. Irun dúdú, irun funfun, irun tí a ò mọ ibi tó ti já lára èèyàn, gbogbo ẹ̀ á lọ́ mọ́ra bí èkúté tó kú sómi, á máa yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Pílásítà tó ti tú kúrò lójú egbò á máa léfòó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é, inú ẹ̀ ò tíì gbà á.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń kó o nírìíra jù báyìí kì í ṣe irun. Ìka ara ẹ̀ ni.

Látìgbà tí ọ̀gá ibẹ̀ ti ní kí wọ́n dín iná ẹ̀rọ tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́wọ́ kù, bí Tíṣà bá ti wọ omi, kì í pẹ́ tí ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ fi ń kú. Kì í ṣe òtútù lásán o. Wọ́n á funfun láti orí èékánná dé oríkèé, bí ẹran tí wọ́n ti fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dànù. Tó bá tẹ táìsì ilẹ̀ adágún, àfi bíi pé tìmùtìmù ló ń tẹ̀. Tó bá fi eyín gé ìka wò, eyín ló mọ̀ pé òun gé nǹkan, ìka ò mọ nǹkan kan. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń padà bọ̀, wọ́n á pọ́n, wọ́n á máa ta á bí ata.

"Ẹ̀gbin!" ló máa ń wí, á fi tówẹ̀lì bò wọ́n. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ta ló fẹ́ tíṣà tí ọwọ́ ẹ̀ ti kú?

Torí pé ọwọ́ yẹn ni iṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ á dùbúlẹ̀ sórí omi, á kọjú sókè, Tíṣà á fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbé e nípàkọ́. Á wá máa yọ ìka kọ̀ọ̀kan kúrò láìsọ fún un, títí á fi ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ló ń gbọ́ bí orí ṣe wúwo sí. Bí orí bá fẹ́ rì, ìka á ti mọ̀.

Ẹni tó kàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ obìnrin, tí dókítà ní kó máa lúwẹ̀ẹ́ nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Àǹtí yìí, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi.

"Ìyàwó wa, ṣé omi rèé àbí ọbẹ̀ àná? Kí ló ń léfòó yẹn?"

"Pílásítà ni, mà. Ẹ má wò ó."

"Kí n má wò ó? Òun ló ń wò mí!"

"Ẹ ṣáà ti panu dé, Àǹtí. Ẹ dẹ ọrùn."

"Tó o bá pa mí síbí, ìwọ lo máa lọ ṣàlàyé fún àbúrò mi o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọwọ́ mi wà lábẹ́ yín."

Ó dá Tíṣà lójú pé ìka méjì ṣì wà níbẹ̀. Kò gbọ́ ìwúwo kankan, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí kò ti gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tó wolẹ̀ báyìí, ó rí ọwọ́ ara ẹ̀ níbi tó sún sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń léfòó láyè ara ẹ̀ bíi ti ẹlòmíì. Àǹtí ti ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, ló bá rì, gbùlùmù!

Tíṣà nawọ́ mú èjìká ẹ̀, ìka kọ̀ kò dì. Ìgbọ̀nwọ́ ló fi há a lábíyá tó fi fà á jáde. Àǹtí ń húkọ́, ojú ẹ̀ pọ́n, pílásítà yẹn sì lẹ̀ pẹ́típẹ́tí mọ́ ọn láhọ́n. Bó ṣe fọwọ́ kàn án tó mọ ohun tó jẹ́, ó bì. Tíì àárọ̀ àti búrẹ́dì, gbogbo ẹ̀ sínú omi. Kíá làwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ti gòkè kúrò nínú omi, tí wọ́n di imú.

"Egbò ta ni mo jẹ yìí? Mo ní egbò ta ni?" Àǹtí ń fi tówẹ̀lì ha ahọ́n. "O fi mí sílẹ̀!"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Tíṣà: ẹ̀yin lẹ mira, mà. Ó gbé e mì. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Mi ò mọ̀ pé mo ti fi yín sílẹ̀, Àǹtí. Wọ́n ti kú. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn tómi bá tutù."

Àǹtí fọwọ́ kàn wọ́n, ó fò sẹ́yìn. "Yéè! Ọwọ́ òkú! Ṣé èyí lo fi ń gbé orí mi látọjọ́ yìí?" Ó tutọ́, ó yínmú, ó sì gbá ọwọ́ méjèèjì mú, ó kì wọ́n sí abíyá ara ẹ̀. "Má rò pé ó wù mí o. Ó ń rí mi lára."

Ibẹ̀ ni ọ̀gá bá wọn. "Ta ló bì sínú omi? Tíṣà, gbé àwọ̀n, kó o wọ omi lọ kó o."

"Ọ̀gá, mi ò wọ omi yìí mọ́," ni Tíṣà wí. "Mi ò sì ní gbé orí ẹnikẹ́ni lé ọwọ́ tó kú mọ́, àfi tẹ́ ẹ bá dá iná yẹn padà. Lónìí, Àǹtí mi nìyí. Lọ́la ńkọ́?"

"Àwọn oníbàárà ò ráhùn."

"Oníbàárà rèé, mo ń ráhùn," ni Àǹtí dáhùn. "Ẹ bọ́ bàtà, ẹ wọ omi. Búrẹ́dì mi ń dúró dè yín."

Ọ̀gá kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ omi títí dé ọrùn ọwọ́. Kò pẹ́ tó fi fà á yọ, ó ń nu ìka mọ́ ṣòkòtò. Èmi ò lè sọ bóyá òtútù ni àbí èébì.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, omi ti lọ́ díẹ̀. Àǹtí ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun lórí mọ́; òun fúnra ẹ̀ ló di Tíṣà mú lọ́rùn ọwọ́, pinpin, ẹnu ẹ̀ pa dé fúngbà àkọ́kọ́. Irun ṣì wà lẹ́nu ihò. Tíṣà fà á yọ, ó wá gbọ́ ọ lọ́wọ́ dáadáa bó ṣe ń yọ̀, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.