Ọkọ̀ Tí Mo Rì Sómi Nítorí Bàbá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní pírámárì síìsì, tí aró sì máa ń wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ojú omi kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ẹnu Gádà, l'Abẹ́òkúta. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Kí ni ọkọ̀ ojú omi ń wá lẹ́yìnkùlé, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ń so ewúrẹ́ mọ́? Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Àwa náà rẹ́rìn-ín títí, kó tó di pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa jókòó jẹ́ẹ́ mọ́.

Bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ló rà á lọ́wọ́ àwọn Ìlàjẹ apẹja, kí wọ́n lè máa fi kó iṣu àti obì láti abà wọn tó wà ní òdìkejì odò Ògùn. Pákó ni wọ́n kàn mọ́ra wọn, kì í ṣe igi kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́. Nígbà tí bàbá àgbà kú, wọ́n gbé e wálé, wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ nídìí igi ìbẹ́pẹ, ibẹ̀ ló sì wà fún ọdún tí mi ò mọ iye ẹ̀. Adìẹ Ìyá Sikírá, aládùúgbò wa tó ń ta ọṣẹ dúdú, ló ń yé sábẹ́ ẹ̀.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá, kò bá wọn pa dà wálé. Abà ni wọ́n dúró sí. Bí Bàbá bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bọ̀ nígboro, èsì kan náà ni: "Ilé yín kún jù, àpáta yín sì gbóná." Bàbá wá ń lọ wò wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á gba orí àpáta la odò kọjá. Bí omi bá kún, wọ́n á wọ mọ́tò yí gba ojú títì, wọ́n á tún fẹsẹ̀ rin igbó fún bíi wákàtí méjì. Ó di bí ọdún kejì lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, Bàbá ṣubú lórí àpáta odò yẹn, itan wọn ọ̀tún sì bàjẹ́. Wọ́n ń rìn o, ṣùgbọ́n láti yàrá dé ìdí kànga, wọ́n á dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọ̀nà abà ṣe dí mọ́ wọn nìyẹn.

Bùrọ̀dá Múfú, ẹ̀gbọ́n mi, ní òun máa pọ̀n wọ́n la odò kọjá. Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí ìyá mi wá bá mi lẹ́yìn ọmọ mi bí ọmọ ọwọ́? Múfú, fi mí sílẹ̀." Ọjọ́ yẹn gan-an ni Múfú yí ọkọ̀ náà pa dà, tó lé adìẹ jáde. Kí ẹ má bàa rò pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́ tí mo fi ń pè é báyìí: ọdún márùn-ún ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún mi tipẹ́ pé kí n yé fi "ẹ" bá òun sọ̀rọ̀, pé ó ń sọ òun di arúgbó.

Ọ́fíìsì ìjọba ni Múfú ti ń ṣiṣẹ́, ó ń tẹ táípù láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Jímọ̀. Ní Sátidé, ó máa ń bá ìyá wa ru aṣọ àdìrẹ wọn lọ sọ́jà Ìtòkú. Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ló kù fún ọkọ̀. Àyè tèmi kéré ju tiẹ̀ lọ, kò ju àárín ìgbà tí mo bá sá àdìrẹ tán sí ìgbà tí mo máa dáná oúnjẹ alẹ́. Múfú ń yọ pákó tó ti jẹrà, ó ń fi tuntun rọ́pò ẹ̀. Èmi ń ya àkísà, mo ń lọ́ ọ bí okùn, mo ń tẹ̀ ẹ́ bọ àárín pákó sí pákó, lẹ́yìn náà la ó da ọ̀dà gbígbóná lé e. Aró wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ọ̀dà wà ní èékánná mi. Ìyá wa ní ta ló máa fẹ́ mi báyìí.

Bàbá á gbé àpótí ìjókòó wọn síwájú wa, wọ́n á máa fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ó ku kí ni?" ni. Bí a bá ní ó ku apá òsì, kò ní pẹ́ tí wọ́n á tún fi ní, "Ó ku kí ni?" Láàárín ọ̀sẹ̀ tí Múfú bá wà níbi iṣẹ́, wọ́n á dìde lọ fi ìka kan ara ọkọ̀ náà, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Àlàó, tó ń bá Ìyá Àgbà ro oko, máa ń gba orí àpáta wá ra iyọ̀ nígboro. Á ní Ìyá Àgbà ń kí wa, pé ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, pé wọ́n ń bèèrè Bàbá. Ọjọ́ tí Àlàó bá ti wá, kò sẹ́ni tó lè bá Bàbá gbé nínú ilé.

Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe wa. Kàmọ́rù káfíńtà, ọ̀rẹ́ Múfú, ló yá wa ní irinṣẹ́. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni Kàmọ́rù ń kàn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kàn tó o ládùúgbò wa. Ó ní pákó tó bá tutù, ó máa wọ́ ni, pé kí a sá ọkọ̀ náà kó gbẹ dénú. A gbé e lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́fà. A fi í sínú oòrùn ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Ọyẹ́ dé, ó fẹ́ sí i lára. Bí ojú ọ̀run bá ṣú díẹ̀, èmi ni mo máa sáré wá fi tàpólì bò ó, kí ẹ̀kán omi kan má bàa kàn án. Àwa ọmọ orí àpáta, kí la mọ̀ nípa ọkọ̀? Bí a ṣe ń tọ́jú ilẹ̀kùn la ṣe tọ́jú ẹ̀.

Ohun tó wá ń dà wá láàmú ni pé bí a bá dí ojú méjì tó là láàárín pákó ní Sọ́ńdè yìí, mẹ́ta tuntun á ti là kí Sọ́ńdè mìíràn tó dé. Múfú á bú ọ̀dà, á bú àkísà mi, á bú Kàmọ́rù. Ìyá Sikírá á yọjú lórí ògiri: "Múfú, tètè ṣe é tán kí adìẹ mi pa dà sílé ẹ̀ o!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà lọ́jọ́ kan. Bàbá kò rẹ́rìn-ín rárá.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Omi Ògùn gorí àpáta, ó tó ọkọ̀ gbé. Múfú gba lífù ọjọ́ mẹ́wàá. A kun ọkọ̀ náà ní péńtì aláwọ̀ ewé, ó ń dán. Lọ́jọ́ kejì lífù, a bu garawa omi mẹ́ta dà sínú ẹ̀ láti fi dán an wò. Omi náà gba abẹ́ jáde bí ìgbà tí èèyàn da omi sínú asẹ́. Múfú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá dìde, wọ́n jókòó, wọ́n tún dìde.

Apẹja Ìlàjẹ kan wà tó ń gbé nítòsí afárá, Bàbá Orímisàn, oníbàárà ìyá wa. Mo sáré lọ pè wọ́n. Wọ́n yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi ọwọ́ pa á lára, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.

"Ta ló ní kí ẹ máa sá ọkọ̀ bí ẹní ń sá láfún?"

Kàmọ́rù ní òun ni.

"Káfíńtà, o kú iṣẹ́. Ìwọ lo pa á. Òùngbẹ ló ń gbẹ pákó yìí! Ẹ lọ rì í sómi, ẹ kó òkúta sínú ẹ̀, kó sùn nísàlẹ̀ fún ọjọ́ méje. Bó bá ti mumi yó, á wú, gbogbo ojú yẹn á pa dé fúnra wọn."

"Ọjọ́ méje!" Múfú pariwo. "Bàbá, lífù mi lẹ fẹ́ rì yẹn. Mo fi odindi ẹ̀ẹ̀rùn kàn án, kí n wá fọwọ́ ara mi tì í sísàlẹ̀ odò?" Ó ní lọ́túnla a máa lọ bó ṣe wà yẹn, pé ẹnì kan á máa fi abọ́ gbọ́n omi jáde. Bàbá ní àwọn lè gbọ́n ọn. Bàbá kò lè lúwẹ̀ẹ́. Múfú náà kò lè lúwẹ̀ẹ́.

Mi ò sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Múfú lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀ lọ gba àjẹ̀ tí a máa fi tu ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a gbẹ́ ẹ. Bí Bàbá ṣe wọ mọ́sálásí inú agbo ilé lọ kírun ọ̀sán, mo lọ pe Bàbá Orímisàn. Mo rántí gbogbo àwọn tó gbé ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn: Gàníyù àti Láṣún tí wọ́n jẹ́ ọmọ àdúgbò wa, Kàmọ́rù fúnra ẹ̀ tójú ń tì, Sùlé ọmọ Ìyá Sikírá, àti ọmọ Bàbá Orímisàn méjì. Ìyá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, igi aró wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọkọ̀. "Èmi ò rí yín o," ni wọ́n sọ, wọ́n sì wọlé. Òkúta kò wọ́n wa l'Abẹ́òkúta. Nígbà tí a gbé ọkọ̀ dódò, a kó o sínú ẹ̀ títí péńtì tuntun yẹn fi wọmi lọ, tí mi ò rí nǹkan kan mọ́ àfi omi pupa.

Ọ̀sán ti rọ̀ kí Múfú tó dé.

"Ràbí, ọkọ̀ dà?"

"Ó wà lódò."

"Ta ló ń tù ú?"

"Kò sẹ́ni tó ń tù ú. Ó wà nísàlẹ̀."

Ó ju àjẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Kò gbá mi, ṣùgbọ́n kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá ló sọ̀rọ̀, wọn kò sì pariwo: "Bí ìyá mi bá kú láàárín ọjọ́ méje yìí, Ràbí, ìwọ ni n ó bi."

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, mi ò mọ bí mo ṣe lo ọjọ́ méje yẹn. Mo ba aṣọ mẹ́ta jẹ́ torí mo gbàgbé wọn sínú ìkòkò aró. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mò ń sáré lọ sétí odò, bí ẹni pé ọkọ̀ tó ti rì lè sá lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, òjò ńlá rọ̀, odò ń gbé ẹ̀ka igi kọjá, mo dúró síbẹ̀ títí aṣọ mi fi rin gbingbin. Bí mo bá rí ẹnikẹ́ni tó ń yára bọ̀ lọ́nà ilé wa, màá rò pé wọ́n wá túfọ̀ Ìyá Àgbà ni. Bàbá ń wò mí, wọ́n ń wo ọ̀nà, wọ́n ń fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

Ọjọ́ tí a gbé e jáde náà ni lífù Múfú parí. Àwọn ọmọ Bàbá Orímisàn wọmi, wọ́n ń kó òkúta jù síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà sétí odò, wọ́n da omi inú ẹ̀ nù, wọ́n sì tún gbé e lé ojú omi. Péńtì ti bó, ó rí wúruwùru. Múfú wọ inú ẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa ìsàlẹ̀ ẹ̀ láti iwájú títí dé ẹ̀yìn, bí afọ́jú. A dúró. A tún dúró sí i. Ẹ̀kán omi kan kò wọlé.

"Ó ti yó," ni Bàbá Orímisàn wí.

Múfú wò mí, ó na ọwọ́ sí mi kí n fà á jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà la tù ú. Bàbá Orímisàn wà lẹ́yìn, Múfú wà níwájú, Bàbá jókòó sáàárín lórí àpótí, èmi wà lẹ́yìn wọn. Bàbá di àpò ńlá kan mọ́ra. A rò pé ẹ̀bùn Ìyá Àgbà ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n ń sọ pé, "Ẹ tù ú, ẹ tù ú," bí ẹni pé àwa ń sùn.

Ìyá Àgbà jókòó sábẹ́ igi obì, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọn kò rí wa, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ̀pá.

"Àjàní, ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, ìyá mi."

"O pẹ́ o. Ṣé wọ́n tì ọ́ mọ́lé ni?"

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú itan wọn tó bàjẹ́ yẹn, wọ́n bu ẹ̀gúsí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá wọn bó o.

Nígbà tí oòrùn ń lọ, Múfú ní kí a máa lọ. Bàbá tú àpò wọn. Kẹ́tù àlùwàlá ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹní ìkírun, bùbá mẹ́ta àti pákò. "Ẹ máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú," ni wọ́n wí. "Èmi ti dé." Múfú bẹ̀ wọ́n títí, ó dọ̀bálẹ̀. "Múfú, o ti ṣe tìẹ. Ọkọ̀ yẹn dára." Kò sí ohun tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a délé tí a sọ fún ìyá wa, wọ́n ní àwọn ti rí i láti àárọ̀ pé kẹ́tù kò sí nípò ẹ̀.

Ojú omi, nígbà tí a ń pa dà, ni Múfú ti bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ méje. Ó ní, "Ràbí, ká ní o jẹ́ kó máa jò ni, Bàbá ì bá ṣì wà lọ́dọ̀ wa nílé." Mi ò mọ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Ẹ̀yìn ẹ̀ ló kọ sí mi, mi ò rí ojú ẹ̀.

Ọdún méjì ni Bàbá àti ìyá wọn fi wà papọ̀ lábà yẹn kí Ìyá Àgbà tó jáde láyé. Gbogbo ìgbà tí omi bá gbà wá ni Múfú ń tukọ̀ lọ wò wọ́n. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a ó rì í, kò sẹ́ni tó tún ní láti sọ fún wa.

Wọ́n ti la ọ̀nà débẹ̀ báyìí. Ọ̀kadà á gbé yín láti Lafẹ́nwá dé ẹnu ilẹ̀kùn abà, kí omi tí ẹ gbé kaná tó hó. Ẹ kì í dúró de odò, ẹ kì í dúró de pákó. Ẹ ó pe ìyá yín lórí fóònù, ẹ ó rí ojú wọn nínú ẹ̀, ẹ ó ní ẹ̀ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mi ò fi bú yín, àwọn ọmọ tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láyé tiwa, èèyàn á ṣe làálàá kó tó fojú kan ẹni tó fẹ́ rí. Bóyá ìyẹn ló fà á tí a fi máa ń jókòó pẹ́ bí a bá débẹ̀.

Kàmọ́rù ti kú. Bàbá Orímisàn pa dà sílùú wọn, mi ò gbúròó wọn mọ́. Lóṣù tó kọjá la sin Múfú. Gbogbo ọdún tí a fi jọ darúgbó, mo fẹ́ bi í léèrè bóyá àwàdà ni ohun tó sọ lójú omi lọ́jọ́ yẹn, mo sì ń sún un síwájú. Ara mi kò balẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, mo máa ń wọ bàtà, mo máa ń dé ẹnu ọ̀nà, kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tí mò ń lọ bá.