Eyín tí Lásúnkànmí Kò Béèrè

Nígbà tí Lásúnkànmí Ọ̀jẹ̀wálé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ní kí ìyá àgbà kan yọ eyín rẹ̀ níwájú àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀. Àṣìṣe kékeré ni. Nọ́ọ̀sì ni Lásúnkànmí, ọmọ Ìlárá Rẹ́mọ, ó sì kọ́ iṣẹ́ mìíràn kún un: òun ló ń fi abẹ́rẹ́ kun aláìsàn lóorun kí dókítà tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ṣàgámù ló ti ń ṣe é. Ará àdúgbò Òfin ni ìyá àgbà náà, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e wọ tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ. Lásúnkànmí na abọ́ sí i, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi yọ eyín àtọwọ́dá yín síbí."

Ìyá yọ ọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì jìn wọnú. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n! Àṣé ẹ̀rín àyáwọ̀ ni Màmá ń rín sí wa látọjọ́ yìí!" Omijé ni ìyá náà fi wọ tíátà.

Olórí àwọn nọ́ọ̀sì pe Lásúnkànmí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ohun tí o ní kó ṣe dára. Ibi tí o ti ní kó ṣe é ni kò dára. Ṣé wàá ní kí ìyá tìẹ tú ìró níwájú àna rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára. Láti ọjọ́ náà ló ti fi ṣe òfin fún ara rẹ̀ pé gbogbo ẹbí gbọ́dọ̀ jáde kí òun tó béèrè ọ̀rọ̀ eyín lọ́wọ́ aláìsàn. Òfin tó dára ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá a wí nítorí rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò pa á mọ́ ni ìbáwí wà fún.

Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí eyín ní í ṣe pẹ̀lú oorun, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣì í mú. Wọ́n rò pé abẹ́rẹ́ oorun dà bí oorun tí à ń sùn nílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sùn lórí ẹní rẹ̀, bí itọ́ bá sá wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, yóò húkọ́, yóò jí. Ẹni tí a kùn lóorun kì í húkọ́. Kò lè mí fúnra rẹ̀. Ẹni tó kùn ún ló ń bá a mí. Yóò fi irin kan tó ní iná lórí gbé ahọ́n aláìsàn sókè, yóò ti rọ́bà gba ẹnu rẹ̀ wọ ọ̀nà èémí, yóò sì máa tẹ báàgì kan tí atẹ́gùn fi ń wọlé. Ẹ̀rọ kan wà tó há mọ́ ọmọ ìka aláìsàn, tó ń ké bí ọkàn bá ṣe ń lù. Bí atẹ́gùn bá pé nínú ẹ̀jẹ̀, igbe rẹ̀ á ròkè. Bó bá ń dín kù, igbe náà á máa wálẹ̀, á máa wálẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ. Etí ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un. Ìdí nìyí tí ohunkóhun tó lè já bọ́ lẹ́nu kò fi gbọdọ̀ wà níbẹ̀ kí oorun tó dé.

Látífàt Bẹ̀llò ń ránṣọ nítòsí ìkóríta ńlá tó wà lẹ́yìn Ṣàgámù. Hussain ọkọ rẹ̀ ń tún táyà ṣe níbẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ yọ sí Látífàt lọ́rùn, ó sì ti ń ni ín lára bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ṣùgbọ́n èjí ẹnu rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Ìyá ọkọ rẹ̀ kì í pe orúkọ rẹ̀. Eléjí ló ń pè é, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ọmọ inú rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ gẹ̀gẹ̀ náà, Hussain ti lọ wá ẹ̀jẹ̀ tí dókítà ní kó mú wá. Ìyá rẹ̀ ló jókòó ti Látífàt lórí bẹ́ẹ̀dì. Lásúnkànmí wọlé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jáde díẹ̀, mo fẹ́ bá ìyàwó sọ̀rọ̀."

"Kí n jáde lọ síbo? Kí lo fẹ́ bá a sọ tí etí tèmi ò gbọdọ̀ gbọ́? Àbí o fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ọmọ mi ni?"

Àwọn aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì rẹ́rìn-ín. Látífàt náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, Màmá."

"Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà, sọ ọ́ níbí. Mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi."

Ó yẹ kó ní kí Màmá jáde lẹ́ẹ̀kejì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rántí ìyá Òfin, ó sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà kọjá. "Ìyàwó, ṣé kò sí nǹkan kan lára yín tó yẹ kí n mọ̀?"

Látífàt wo ìyá ọkọ rẹ̀. "Kò sí, sà."

"Ẹ yanu kí n wò ó."

Ó yà á díẹ̀, ó tètè pa á dé.

"Eléjí mi, yà á dáadáa!" ni ìyá ọkọ wí. "Jẹ́ kó rí ohun tí ọmọ mi rí tí kò fi lè sùn. Ẹ gbọ́ o, nọ́ọ̀sì, gẹ̀gẹ̀ lẹ fẹ́ mú lọ. Bí ẹ bá fọwọ́ kan èjí ìyàwó mi, èmi pẹ̀lú yín ni!"

Lásúnkànmí rẹ́rìn-ín. Èjí náà funfun, ó sì dúró dáadáa. Ó sọ lọ́kàn rẹ̀ pé òun yóò tún ẹnu náà yẹ̀ wò nínú tíátà, níbi tí Màmá kò ní sí.

Nínú tíátà, gẹ̀gẹ̀ gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Ó wá rọ́bà tó tín-ínrín, ó gbé orí aláìsàn ga, ó to gbogbo irin rẹ̀ sí ìtòsí. Ó ti ń fi ìbòmú atẹ́gùn bo ojú Látífàt nígbà tí obìnrin náà dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹ má bẹ̀rù," ni Lásúnkànmí wí. "Ẹ máa mí." Ó sì fún un ní abẹ́rẹ́.

Rọ́bà náà wọlé, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò wọlé. Bó ṣe ń tẹ báàgì ni báàgì ń le mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fa rọ́bà yọ, ó padà sí ìbòmú, pàbó. Igbe ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. "Gẹ̀gẹ̀ ló ń tẹ ọ̀nà ọ̀fun pa," ló wí fún Dókítà Adéwọlé tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, dókítà náà sì gbà á gbọ́, torí ẹnikẹ́ni ìbá gbà á gbọ́. Wọ́n yí ọrùn rẹ̀ síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Dókítà gbé ọ̀bẹ kí ó lè la ọ̀nà èémí níwájú ọrùn, ẹ̀jẹ̀ gẹ̀gẹ̀ bò ó lọ́wọ́. Lásúnkànmí tún gbé ahọ́n sókè. Ìgbà yìí ló rí i: etí nǹkan kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí èrìgì lẹ́nu ọ̀nà èémí. Ó fi ẹ̀mú gígùn fà á jáde sínú abọ́. Eyín iwájú méjì ni, tí wọ́n kàn mọ́ èrìgì àtọwọ́dá, àlàfo èjí sì wà láàárín wọn. Irin tó kọ́kọ́ fi gbé ahọ́n ló ti tì í wọ ọ̀fun.

Atẹ́gùn wá wọlé. Ọkàn kò lù mọ́. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀ títí apá wọn fi kú, ẹ̀rọ kò tún ké.

Hussain dé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó lọ wá. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó fara ti ògiri, ó sì béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. "Eyín rẹ̀ dà?"

Ó mọ̀. Alùpùpù tirẹ̀ ló gbé wọn ṣubú lọ́nà Ìkẹnnẹ́, alùpùpù tí ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kó má rà. Eyín iwájú Látífàt méjì já níbẹ̀. Wọ́n sá sí ilé ẹ̀gbọ́n Látífàt títí ẹni tó ń ṣe eyín fi ṣe òmíràn fún un, tó sì dá èjí sí i bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọn kò sọ fún Màmá. Ká ní Lásúnkànmí bi ọkọ ni, ìdáhùn wà nílẹ̀.

"Òní la máa sin ín," ni Hussain wí. "Màmá ló máa wẹ̀ ẹ́. Bó bá yanu rẹ̀ tí kò bá èjí... Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi í padà."

Dókítà Adéwọlé di Lásúnkànmí lápá mú. "Lásún, fi sílẹ̀. Ohun tó wà nínú abọ́ yẹn nìkan ló lè gbà ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ìta."

"Dókítà, kò lè gbà mí."

Ó fọ eyín náà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ padà sí ẹnu òkú.

Níta, Màmá fà á láṣọ ya. "Abẹ́rẹ́ lẹ fún un jù! Mo ní gẹ̀gẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú, ẹ mú Eléjí mi!" Lásúnkànmí dúró, kò fọhùn. Hussain dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, òun náà kò fọhùn.

Báyìí ni Ṣàgámù ṣe sọ Lásúnkànmí ní Abẹ́rẹ́-Jù. Kò tọ̀nà. Abẹ́rẹ́ náà pé ìwọ̀n, kò lé. Àwọn tó sì ń sọ pé gẹ̀gẹ̀ ló fún Látífàt lọ́rùn, irọ́ ni wọ́n ń pa láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní gbà fún ẹni tó bá ní Màmá ló fà á. Àgbà tó bá jókòó síbi tí kò yẹ, a lè kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó jáde, ká sì tún ilẹ̀kùn tì. Ohun tí Lásúnkànmí kò ṣe nìyẹn. Lásúnkànmí fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn, pé òun kò yẹ ẹnu wò, wọ́n sì dá a dúró. Ó gbìyànjú iṣẹ́ náà níbòmíràn. Bí igbe ẹ̀rọ bá ti wálẹ̀ díẹ̀, á fa rọ́bà yọ, á máa wá eyín lẹ́nu aláìsàn, wọ́n sì ní kó máa lọ.

Màmá kú lọ́dún tó kọjá láìmọ ọ̀rọ̀ eyín náà. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni Hussain sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, tó sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ lọ bá Lásúnkànmí láti sọ fún un pé ó ti lómìnira láti sọ òótọ́ báyìí.

"Kí n wá sọ ọ́ fún ta ni?" ni Lásúnkànmí bi í.

Ní oṣù tó kọjá, Lásúnkànmí Ọ̀jẹ̀wálé wà ní ilé bàbá rẹ̀ ní Ìlárá Rẹ́mọ, ó ń gbin ẹ̀gẹ́. Kò ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kankan mọ́.