Ọ̀fìnkìn Tọkọtìyàwó

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ jọ ní ọ̀fìnkìn kan ni. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Oògùn kan náà ni wọ́n ń lò, orí tábìlì ìránṣọ ni ìgò rẹ̀ máa ń wà, torí télọ̀ ni ọkọ. Èmi àbúrò, àdúrà kan ṣoṣo ni mo ń gbà fún wọn: "Olúwa, wo imú ilé yìí sàn." Mo rò pé ó ń dín iṣẹ́ kù fún gbogbo wa.

Àǹtí mi ló ń dúró ti ààrò nílé búrẹ́dì. Òórùn ló fi ń mọ ìgbà tí búrẹ́dì jinná. Kó tó di pé ẹlòmíràn rí nǹkan kan, á ti fa páànù jáde. Imú ló fi ń jẹun, ìdí nìyẹn tí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni pé imú náà ò gbóòórùn mọ́. Búrẹ́dì wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ó ní iná ni. Nígbà tó yá, ó ní ìyẹ̀fun ni. Ọ̀gá rẹ̀ ní tó bá tún jóná, ẹlòmíràn ni yóò máa dúró ti ààrò.

Àárín ìgbà yẹn ni orí fọ́ ọkọ rẹ̀ débi pé kò lè ránṣọ mọ́. Ó ní ká lọ rí dókítà, kí ìyàwó òun náà tẹ̀ lé òun, ṣebí àwọn jọ ní i ni. Mo bá wọn lọ.

Dókítà náà ò dàgbà púpọ̀. Ọ̀dọ̀ àǹtí ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe yín, mà?"

"Ọ̀fìnkìn ni. Iwájú orí ń fọ́ mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn mí. Tí mo bá tẹríba, á dà bíi pé ojú mi fẹ́ já bọ́."

Ọkọ yíjú sí i. "Ìyá àwọn ọmọ, orí tèmi lò ń rò fún dókítà yẹn."

"Ṣebí ara kan ni wá."

"Ara kan kọ́ ló ń di orí mú nídìí ẹ̀rọ. Látìgbà tí mo ti fẹ́ ọ, orí ò fọ́ ọ rí. Tèmi lo máa ń fọ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí inú imú wú kó sì pẹ́, oríṣiríṣi ló wà. Ti ẹlòmíràn, ìrora ojú àti ikun tó ki ló máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ti ẹlòmíràn, ìrora ò tó nǹkan, imú á kàn dí, kò ní gbóòórùn mọ́, torí ẹran rírọ̀ kan lè hù sínú rẹ̀. "Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ló máa ń júwe ọ̀nà fún mi kí n tó tanná wò ó. Ẹ má yá àìsàn ọkọ yín lò, mà. Ṣé ẹ ń gbóòórùn?"

"Díẹ̀díẹ̀."

"Kí lẹ gbóòórùn ẹ̀ kẹ́yìn?"

Àǹtí wolẹ̀. "Mi ò rántí. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ààrò nìkan ni mo mọ̀."

Ọkọ rẹ̀ ní: "Gbogbo oúnjẹ tó ń jóná nílé yẹn, mo ṣe bí o ń bínú sí mi ni."

"Mo ń bínú sí ọ náà."

Dókítà tanná sí imú rẹ̀, ó rí ẹran rírọ̀ náà nínú ihò méjèèjì. Kò sí i nínú imú ọkọ, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ó fún àǹtí ní oògùn tí yóò máa fín símú lójoojúmọ́, ó ní òórùn lè padà, ṣùgbọ́n òun ò ní ṣèlérí.

Èmi tí mo ti ń ṣèlérí ìwòsàn fún wọn lórúkọ Ọlọ́run látọjọ́ yìí, ojú tì mí díẹ̀. Ṣé Ó ń retí kí n ṣàlàyé pé àìsàn méjì ni? Àbí Ó ti mọ̀, Ó kàn dákẹ́? Mi ò bi pásítọ̀. Mo ṣì ń gbàdúrà. Mo kàn pín in sí méjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àǹtí fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá ò lé e. Ó ní kí obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun máa wá bá a gbóòórùn títí ìtọ́jú yóò fi ṣiṣẹ́. Mo yà síbẹ̀, mo bá àwọn méjèèjì níwájú ààrò, àǹtí fajú ro.

"Báwo lòórùn ẹ̀ ṣe rí báyìí?"

"Bíi búrẹ́dì ni."

"Èwo nínú búrẹ́dì? Èyí tó jinná àbí èyí tó ń jinná bọ̀?"

Obìnrin náà tún fa imú, ó ronú. "Ó ń bọ̀."

"Ó dáa. Má kúrò níbẹ̀."