Ọ̀nà tí Àṣàkẹ́ Fi Eérú Là

"Ìyá, ẹ kó gbogbo agolo wọ̀nyí dànù kí n tó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀fọn ń yé sínú wọn."

Bẹ́ẹ̀ ni wolé-wolé kìlọ̀ fún mi láàárọ̀ yìí. Ó na ọ̀pá sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àbígbẹ̀yìn mi ti fi agolo ṣe mọ́tò, tí ó sì fi amọ̀ àti páálí kọ́ ìlú kékeré kan yí i ká. Òótọ́ ni ó sọ. Bí ara ọmọ yẹn bá gbóná, n kì í fojú kan oorun. Síbẹ̀, mo di ìgbálẹ̀ mú, n kò lè gbá a.

Àṣàkẹ́ ni mo rántí. Agbo ilé kan náà ni a wà ní kékeré ní Bẹẹrẹ, nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ ti kú, inú yàrá ni wọ́n sì sin ín sí, bí a ti ń ṣe nígbà náà. Yàrá yẹn gan-an ni òun àti ìyá-ìyá rẹ̀ ń sùn.

Lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń wọn ọ̀nà mọ́tò wá kan èèkàn wọ agbo ilé wa, títí dé ògiri yàrá náà. Àwọn àgbà lọ bẹ̀bẹ̀, wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Àṣàkẹ́ ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa nǹkan jọ. Agolo di mọ́tò, ó gé àfọ́kù igbá roboto fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi amọ̀ mọ agbo ilé wa pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀. Kànìnkàn gbígbó ni igi, eérú tí a jọ̀ kúnná ni ọ̀nà. Ọ̀nà náà ń bọ̀ tààrà, ṣùgbọ́n bí ó ti kù díẹ̀ kó dé yàrá ìyá rẹ̀, ó yà gba ẹ̀yìn ọgbà.

"Àṣàkẹ́, ìgbà wo ni mọ́tò rẹ yóò gbéra?" ni àbúrò bàbá mi máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè, bàbá. Ẹ̀yin lẹ ó tì í."

Nígbà tí olórí àwọn tó ń wọn ọ̀nà padà dé, Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ wò ó, bàbá. Ó lè gba ibí." Ọkùnrin náà lóṣòó. Ó fi ìka kan ti mọ́tò náà yí kọ̀rọ̀ yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "O mọ̀ ọ́n ṣe." Kò bi wá pé ta ló wà nínú yàrá yẹn. Ó dìde, ó ní kí wọ́n máa wó yàrá náà. Mo di ọwọ́ Àṣàkẹ́ mú. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ìyá àgbà bu erùpẹ̀ ibojì náà sínú ìkòkò kan, ó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí oko. N kò rí Àṣàkẹ́ mọ́.

Ọ̀dà ti bo ọ̀nà yẹn báyìí. Ibẹ̀ ni mo ń gbà lọ sí Ọjà'ba, ẹsẹ̀ mi a sì máa yà fúnra rẹ̀ níbi tí yàrá náà wà. Àwọn ọmọdé ṣì ń fi ohun tí a sọ nù kọ́ ìlú.

Kó tó di ọjọ́ Ajé, èmi náà yóò kó agolo wọ̀nyí dànù, nítorí ẹ̀rù ibà ń bà mí. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó gbá ohun tí ọmọ yín kọ́, ẹ bi í pé ta ló ń gbé inú ilé yẹn.