Mummy Fẹ́ Gba Kàtúùnù Là

Ẹ gbà mí o, Mummy mi ti di agbẹjọ́rò kàtúùnù!

Lẹ́yìn ìrun Àsárì lónìí, wọ́n bá mi ní pálọ̀ wa ní Peckham, mò ń wo anime àtijọ́ kan, kàtúùnù àwọn ará Japan. Wọ́n ní àwọn ò wo eré ọmọdé. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti jókòó tì mí, omijé ti ń bọ́ lójú wọn.

Nígbà tó parí, mo fẹ́ pa tẹlifíṣọ̀n.

"Fi sílẹ̀! Jẹ́ kí n rí orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́."

Mo ní, "Mummy, ratings ẹ̀ ò dáa ní Japan. Èèyàn díẹ̀ ló ń wò ó, ni wọ́n bá gé e kúrú."

Mummy fò dìde, wọ́n pe àbúrò wọn ní Sydenham. "Tètè tan tẹlifíṣọ̀n ẹ! Wọ́n fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ torí pé a ò wò ó!"

"Mummy, ó ti pẹ́! Ẹ ò tíì bí mi nígbà yẹn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló wá lókìkí káríayé."

Wọ́n rọra jókòó.

"Àwọn tó yà á ńkọ́? Ṣé wọ́n wà láyé láti rí i pé a padà fẹ́ràn ẹ̀?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá Mummy lóhùn.