Bí A Ṣe Dá Aránṣọ Òkè-Ìlá Mọ̀

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, yàrá káàdì ilé ìwòsàn kan l'Adó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó tíì rí kọ̀ǹpútà láàárín wa. Orúkọ la fi ń to káàdì àwọn aláìsàn, ìyẹn sì dára fún ẹni tó bá lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dákú ńkọ́? Àwọn aládùúgbò tó gbé e wá lè má mọ̀ ju "Ìyá Ìbejì" lọ, Ìyá Ìbejì sì pọ̀ nínú ìlú.

Mo bá wá páànù bisikíìtì kan, mo ń kọ káàdì pélébé-pélébé sínú rẹ̀: àdúgbò, iṣẹ́ ọwọ́, ibi tí ilé wà, àti àìsàn tí a mọ̀ mọ́ onítọ̀hún. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. "Ṣé o fẹ́ sọ ibí di ilé ìfìwéránṣẹ́ ni?" Wọn kò ṣáà ní kí n má ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù ààwẹ̀, káfíńtà kan àti ìyàwó rẹ̀ gbé obìnrin kan wọlé. Ó ti dákú, òógùn bò ó. Dókítà béèrè orúkọ rẹ̀.

"Ìyá Aránṣọ la mọ̀, sà," ni káfíńtà wí. "Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláásí l'Òkè-Ìlá ni ulé rẹ̀ wà. Orí ẹ̀rọ ló ṣubú sí."

Mo sáré sídìí páànù. Òkè-Ìlá. Aránṣọ. Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláásí. Mo rí i: àtọ̀gbẹ, ó ń gba abẹ́rẹ́ láràárọ̀. Mo mú káàdì náà fún dókítà.

"Ṣé ó ń gbààwẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò tilẹ̀ jẹ sààrì. Ó ní oorun ló gbé òun lọ."

"Ó gba abẹ́rẹ́, kò sì jẹun; ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù," ni dókítà wí. Kíá ló fa omi ṣúgà sí i ní iṣan. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi lajú, ó wo gbogbo wa yíká.

"Aṣọ oníbàárà mi dà?" ló kọ́kọ́ béèrè.

Ìyàwó káfíńtà tó ti ń sunkún bú sẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá mi dúró ti tábìlì mi títí. Wọ́n ní, "Àwọn ará Ìjàn ńkọ́? Ṣé o ti kọ tiwọn?" Mo ní rárá. Ìjàn ni ìlú ọ̀gá mi. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n ń ka ilé kọ̀ọ̀kan fún mi bí ẹni ń rìn lójú ọ̀nà, èmi náà ń kọ ọ́ tayọ̀tayọ̀.