Koríko Tí Rùfáì Ro

Ní àdúgbò tí Rùfáì télọ̀ ń gbé láàárín ìlú Ọ̀wọ̀, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè bí ọ̀ràn bá fẹ́ di ohun tí apá ò ká. Kì í ṣe olówó, kò joyè, kò sì ka ìwé kankan ju Kùráánì ìgbà èwe rẹ̀ lọ. Ẹ̀bẹ̀ ló mọ̀ ọ́n bẹ̀. Bí ìyàwó bá kó ẹrù jáde nílé ọkọ, bí ọmọ kan bá fi kẹ̀kẹ́ gbá ọmọ ọlọ́mọ, Rùfáì yóò wọ agbádá funfun rẹ̀, yóò mú àgbà méjì sẹ́yìn, yóò lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Kò ní pẹ́ tí onítọ̀hún yóò fi ní kó dìde. Ó ti ṣe é títí ó fi gbà pé kò sí ọ̀ràn tí kò ní ẹ̀bẹ̀ nínú.

Ìsùàdà ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ní àrùn ẹsẹ̀, kò lè ro oko bí ẹgbẹ́ rẹ̀, koríko sì máa ń bo iṣu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń kọjá kì í béèrè ẹsẹ̀. Oko ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ. Nígbà tí Rùfáì dàgbà tó láti yan iṣẹ́, ó sá fún ọkọ́, ó wá kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Ọ̀wọ̀. Síbẹ̀, ojú koríko kò kúrò lára rẹ̀. Títí ó fi hu ewú, òun fúnra rẹ̀ ló ń ro ẹ̀yìnkùlé. Kò jẹ́ kí ewé kan hù ní ẹsẹ̀ ògiri.

Ṣẹ̀fíátù ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ìjọba sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, Ṣẹ̀fíátù ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi mú un jáde mọ́. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn. Ó ní òun máa lọ sílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Àkúrẹ́, òun máa di ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gun alùpùpù kiri oko láti kọ́ àwọn àgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dun Rùfáì. Ó sá kúrò lóko, ọmọ rẹ̀ ń padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó dáadáa, ó rí i pé ẹni tó ń gbé ọkọ́ àti ẹni tó ń gun alùpùpù kì í ṣe ẹgbẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà bó ṣe ń wọn aṣọ fún wọn.

Lọ́dún 1982, ọdún tí Ṣẹ̀fíátù wà ní ìpele karùn-ún, ilé ẹ̀kọ́ náà yí ètò padà. Kì í ṣe ohun tí ọmọ bá kọ lọ́jọ́ ìdánwò nìkan ni wọn yóò máa kà mọ́. Iṣẹ́ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe jálẹ̀ ọdún yóò ní máàkì tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì ní máàkì iṣẹ́ ọwọ́ kò ní yege nínú ẹ̀kọ́ náà, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n kọ tó. Wọ́n pe àwọn òbí jọ. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sọ̀rọ̀ ètò tuntun, ó sì fi gbogbo ìyókù ọjọ́ náà sọ̀rọ̀ ọgbà tí ó fẹ́ kí àwọn òbí mọ yí ilé ẹ̀kọ́ ká. Rùfáì nìkan ló dìde láti béèrè ohun tí àwọn òbí máa ṣe sí ọ̀rọ̀ ìdánwò.

"Ẹ máa ran àwọn ọmọ yín lọ́wọ́," ni ọ̀gá dáhùn. "Ẹ má fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ fún olùkọ́ nìkan."

Ó padà sórí ọ̀rọ̀ ọgbà. Kò sọ ìrànlọ́wọ́ tó jẹ́ ìrànlọ́wọ́, kò sọ èyí tó jẹ́ màgòmágó. Ó mọ ìyàtọ̀ wọn. Kò kà á sí ohun tó yẹ kí télọ̀ àti aláṣọ òkè mọ̀ ni. Rùfáì jókòó, inú rẹ̀ dùn pé òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde, ìyá Ṣẹ̀fíátù, Sàlímọ́tù, mú un lọ sí Ìfọ̀n láti lọ wo ìyá àgbà tó ń ṣàìsàn. Rùfáì nìkan ló kù sílé. Ọjọ́ kan, ó gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ náà, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ oko àwọn ọmọ kọjá. Olúkúlùkù ló ní ilẹ̀ tirẹ̀ àti iṣẹ́ tirẹ̀: ẹlòmíì gbin ẹ̀wà, ẹlòmíì gbin ilá. Christopher, òṣìṣẹ́ tó ń gé koríko ọgbà ilé ẹ̀kọ́, dúró nídìí igi, ó ń pọ́n àdá.

"Bàbá télọ̀," ni Christopher wí, "ẹ ò wá wo oko ọmọ yín? Ìdajì oko, ìdajì igbó. Ó dà bí ṣòkòtò tí ẹ rán ẹsẹ̀ kan tí ẹ gbàgbé èkejì."

Christopher náà kò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀rín ló fẹ́ rín. Rùfáì wò ó, ó rí i pé òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀dì méjì, ebè gbọọrọ tí wọ́n gbin àgbàdo sí, ló wà lábẹ́ pátákó orúkọ Ṣẹ̀fíátù. Ọ̀kan mọ́ tónítóní. Koríko ti bo èkejì, àgbàdo inú rẹ̀ sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú kí ọjọ́ tó pé. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé àárẹ̀ ló mú ọmọ náà láàárín ọ̀nà, pé ìwé tó ń kà ti pọ̀ jù. Ó sì rántí pé wọ́n ní kí àwọn máa ran àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Ó yá ọkọ́ lọ́wọ́ Christopher. Ó bọ́ agbádá kọ́ sórí igi. Ó ti pẹ́ tó ti di ọkọ́ mú lórí oko gidi, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé. Ó ro koríko náà láti orí dé ìdí, ó kó erùpẹ̀ sí ẹsẹ̀ àgbàdo, ó tún bu ajílẹ̀ sí i nínú àpò tó wà lẹ́bàá ahéré. Nígbà tó parí, bẹ́ẹ̀dì méjèèjì mọ́ bákan náà. Ó dúró wò wọ́n. Kò sí ẹni tó tún lè pe ohun tirẹ̀ ní oko ọ̀lẹ.

Nígbà tí Ṣẹ̀fíátù dé láti Ìfọ̀n, bí wọ́n ṣe ń jẹun lọ́wọ́ ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, ó ní òun ti gbà á lọ́wọ́ ìtìjú. Ṣẹ̀fíátù fi òkèlè sílẹ̀ nínú abọ́.

"Bàbá mi, koríko yẹn ni iṣẹ́ mi."

"Ta ló ń gbin koríko?" Rùfáì rẹ́rìn-ín. Sàlímọ́tù náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo ojú ọmọ, ó sì gbé abọ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ṣẹ̀fíátù ṣàlàyé fún wọn bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ kékeré. Bẹ́ẹ̀dì kan ni òun ń ro. Èkejì, òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni òun ń wọn gíga àgbàdo àwọn méjèèjì, kí òun lè fi hàn ohun tí koríko ń gbà lẹ́nu irè oko. Òun ló mú iṣẹ́ náà fúnra òun. Òfin rẹ̀ sì le: bí ẹlòmíràn bá fi ọwọ́ kan ilẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà ṣe ìyá, ìbáà ṣe bàbá, wọn yóò fagi lé iṣẹ́ náà.

Rùfáì kọ́kọ́ ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ àwàdà. Nígbà tí kò rí i, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọkọ́ ti bó wọn.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, Ṣẹ̀fíátù sì ti rí i kí ó tó fọ ọwọ́ oúnjẹ. Ó ti wọn àgbàdo náà tó. Òun máa sọ fún tíṣà pé òun ti parí wíwọ̀n, òun ló sì ro koríko náà kí ó má baà so èso sí ilẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ òun. Wọ́n lè bá òun wí díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà yóò dúró.

"Ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, bàbá mi. Mo bẹ̀ yín."

"Mo ti gbọ́," ni Rùfáì wí.

Mo ti gbọ́ kì í ṣe mo ti gbà. Ṣẹ̀fíátù kò fi etí sí ìyàtọ̀ náà.

Láti ìgbà náà ni ara Rùfáì kò ti gba ibì kan. Ó jókòó nídìí maṣíìnì, ó rán apá òsì aṣọ sí ọ̀tún. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ba ti ọmọ jẹ́. Bó bá dákẹ́, ọmọ rẹ̀ ń purọ́ nítorí rẹ̀, irọ́ náà yóò sì wà lórí ìwé ẹ̀rí títí ayé. Ẹlòmíràn ìbá dákẹ́. Ìdákẹ́ kò wọ́n ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bá ẹlòmíràn tú okùn, kò lè jókòó sínú èyí tó so mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Ó ní bí a bá lè bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe, ta ni tíṣà? Kò tún bi Ṣẹ̀fíátù léèrè. Bó ṣe ro koríko láìbéèrè, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ agbádá láìbéèrè.

Ó mú Àlùfáà Àbúdùlàhí àti àgbà mìíràn kan dání, wọ́n lọ sílé Ọlámúyìwá, tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọ̀dọ́ ni Ọlámúyìwá, ọmọ Iléṣà, kò tíì níyàwó. Wọ́n bá òun àti tíṣà obìnrin kan, Adéfúnkẹ́, nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń kọ máàkì. Adéfúnkẹ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Rùfáì kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà mẹ́ta náà dọ̀bálẹ̀ papọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

Ọlámúyìwá fò dìde, òun náà kúnlẹ̀. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi ìdọ̀bálẹ̀ wọn gégùn-ún fún òun, kí wọ́n dìde. Rùfáì kọ̀. Ó ní òun kò ní dìde títí òun yóò fi sọ ohun tó gbé òun wá. Ó yí ahọ́n Ọ̀wọ̀ rẹ̀ padà kí ọmọ Iléṣà lè gbọ́ ọ yékéyéké, ó sì sọ ọ́ láìfi ẹyọ kan pa mọ́: koríko, ọkọ́, ajílẹ̀, Christopher. Ó ní kí wọ́n má fi ti ọmọ ṣe, òun ni òun ṣẹ̀.

Nígbà tó dákẹ́, kò sẹ́ni tó ní kó dìde.

"Bàbá Ṣẹ̀fíátù," ni Ọlámúyìwá wí nígbẹ̀yìn, "mo ti gba iṣẹ́ rẹ̀ lánàá. Òun ló gba máàkì tó ga jù. Ẹ̀ bá má wá." Ó wo Adéfúnkẹ́. "Ká ní èmi nìkan ni mo gbọ́…"

"Ìwọ nìkan kọ́ lo gbọ́," ni Adéfúnkẹ́ wí. Kò gbé ojú sókè kúrò lórí iṣẹ́ rẹ̀.

Àlùfáà Àbúdùlàhí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àánú Ọlọ́run. Adéfúnkẹ́ fetí sí i títí ó fi parí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní bí òun àti Ọlámúyìwá bá mọ̀ tí àwọn sì gbé máàkì náà lọ, ìjọba yóò lé àwọn méjèèjì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òun kò bínú sí bàbá.

"Èmi ni kí ẹ jẹ níyà," ni Rùfáì wí, àyà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

"Kò sí ìyà fún yín nínú òfin, bàbá. Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù."

Sìmẹ́ǹtì náà kò tutù. Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ni, ooru mú. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n máa lọ ni.

Ṣẹ̀fíátù ń kàwé lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tó rí bàbá rẹ̀ nínú agbádá funfun. Ó pa ìwé dé. Rùfáì dúró níwájú rẹ̀, ó sọ ọ́ fún un ní ìdúró, nítorí pé kò mọ bí bàbá ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ.

"Ṣé wọ́n ní kí ẹ dìde?" ni Ṣẹ̀fíátù béèrè.

"Wọ́n ní kí n dìde."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó ṣe ìdánwò rẹ̀. Ó yege nínú gbogbo rẹ̀ àfi iṣẹ́ àgbẹ̀. Àkúrẹ́ kò gbà á. Wọ́n ní kó lọ tún ọdún náà ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní àyè kò sí, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti pọ̀ ju ìjókòó lọ. Ọgbà tí ọ̀gá ní kí àwọn òbí mọ ti ga dé èjìká ènìyàn nígbà náà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, maṣíìnì di méjì nínú ṣọ́ọ̀bù Rùfáì. Wọ́n dojú kọ ara wọn, nítorí ṣọ́ọ̀bù náà kéré, kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà gbé wọn. Àwọn oníbàárà ń yọ̀. Wọ́n ń kí Rùfáì kú oríire, wọ́n ní ọmọ tó jogún iṣẹ́ bàbá kò ní rí ìtìjú. Kò lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe àmín.

Ní ọ̀sán kan, Ṣẹ̀fíátù ń rán ojú ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì rọra ń yà kúrò lójú ọ̀nà. Rùfáì rí i láti òdìkejì. Ìka rẹ̀ kan péré ìbá tọ́ ọ sọ́nà. Ó na ọwọ́.

"Ẹ fi sílẹ̀, bàbá mi," ni Ṣẹ̀fíátù wí, kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí maṣíìnì.

Rùfáì dá ọwọ́ padà sórí itan, ó sì ń wo aṣọ náà bó ṣe ń wọ́ lọ títí dé ìdí.